Góòlù Ìkirun, Ẹ̀san Stretford

Longsight, Manchester
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó máa ka lẹ́tà yìí lọ. Bí ìyá mi bá wà nítòsí, kí àwọn náà jókòó. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún yín pé ní àná, ọjọ́ Ajé, ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá òwúrọ̀, Adéṣẹwà ọmọ Bàbá Adéyẹmí àbúrò yín fi kọ́ọ̀pù mi mu tíì.

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Àwa náà ń gbà á níbí. Lóòótọ́, nítorí ààwẹ̀, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò ti fi kọ́ọ̀pù náà kan ẹnu lójú iṣẹ́. Ìyẹn ò dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù. Orúkọ mi wà lára rẹ̀.

Bolton ló ti ń ṣe nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Oṣù tó kọjá ló dé ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Stretford, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá lórí ṣífù wa. Mo rọra sọ fún un pé, "Àǹtí Ṣẹwà, ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀pù mi nìyẹn." Ó wo kọ́ọ̀pù, ó wò mí, ó wá kọjú sí gbogbo àwọn tó wà ní kíṣìnì, ó ní, "Don't mind her. Bàbá ẹ̀ ni rẹfirí tó ta fáínà."

Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, bẹ̀rẹ̀ láti orí: fáínà àwọn ilé-ìwé girama ní Ìkirun, ọdún 1993, bàbá tirẹ̀ ni kóòṣì, góòlù wọlé, ẹ̀yin fọn fèrè, ẹ ní kò wọlé, ewúrẹ́ kan sì wà ní àgbàlá yín lọ́jọ́ kejì. Toheeb, ọmọ Ìwó tí a jọ ń ṣiṣẹ́, rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé tíréè kalẹ̀.

Bàbá, mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í sùn. Ẹni kan wà láàárín àwọn arúgbó wa tó ń jẹ́ Bàbá George, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọsirélíà ni wọ́n ti wá, ìyàwó ló gbé wọn dé Manchester. Wọ́n ní irú bọ́ọ̀lù kan ní ìlú wọn tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa. Bọ́ọ̀lù náà rí bí ìbẹ́pẹ, pápá rẹ̀ rí roboto bí àwo, èèyàn méjìdínlógún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá a, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n tún ń gun ara wọn léjìká mú un lójú ọ̀run. Láti oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fi ń gbá a, eré mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, Bàbá George á kọ àwọn eré náà sára pátákó, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì mú ẹni tó máa borí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá mú un tọ̀nà, o gba máàkì kan. Kì í ṣe tẹ́tẹ́, Bàbá. Kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Mo wá sọ fún Àǹtí Ṣẹwà lójú gbogbo wọn pé kí a fi sáà yìí yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú àwa méjèèjì á gbohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí gúrúùpù ẹbí lórí Wasáàpù. Bí òun bá fìdí rẹmi, á sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹ ò ta bọ́ọ̀lù. Bí èmi bá fìdí rẹmi, màá sọ pé ẹ tà á.

Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà lórí gúrúùpù náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti kúrò níbẹ̀, pé ẹ ní lẹ́tà nìkan lẹ ó máa kà nítorí tàdáwà kì í ṣá. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù wà níbẹ̀.

Ẹ fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Fareedah


Ìkirun
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2024

Fareedah, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ. A kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Gbogbo wa jókòó gẹ́gẹ́ bí o ṣe ní kí a ṣe. Ìyá rẹ ò tíì dìde.

Ta ló ní kí o fi orúkọ mi ṣe ìdíje? Ọdún méjìlélógún ni mo fi jẹ́ tíṣà eré ìdárayá, mo sì fi mẹ́tàdínlógún nínú rẹ̀ jẹ́ rẹfirí. Mo ti lé kóòṣì tó jẹ́ àlùfáà kúrò lórí pápá rí. Èmi ni ìwọ wá gbé sára pátákó ní ilé arúgbó, kí òyìnbó máa fi mí ka máàkì.

Ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí o ti sọ ọ́ lójú èrò, o gbọ́dọ̀ borí. Mi ò ní kí o borí díẹ̀ o. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn gbohùn sílẹ̀ kí ohùn rẹ̀ máa gbọ̀n. Àgbà tó bá sọ pé òun kì í gbẹ̀san, kò tíì rí ẹni tí agbára rẹ̀ ká ni.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Olúwadùnsìn tó ń tún fóònù ṣe, ó fi eré náà hàn mí. Mo wò ó fún wákàtí méjì lórí ìdúró. Àwọn ará ibẹ̀ ò ní káàdì pupa. Wọ́n ń lu ara wọn, rẹfirí ń wò wọ́n. Rẹfirí fúnra rẹ̀ á la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láàárín pápá, á sì fi ẹ̀yìn rìn sá lọ bí ẹni tó ju òkò sílé onílé. Òpó mẹ́rin ni wọ́n rì sí ìdí kan, kò sí gólì níbẹ̀. Mo bi Olúwadùnsìn pé ta ló wá ń ṣọ́lé, ó ní kò sẹ́nì kankan.

Ohun kan ni mo rí tó máa wúlò fún ọ. Nínú gbogbo eré tí a wò, ẹgbẹ́ kan á wọ ṣòkòtò dúdú, èkejì á wọ funfun. Olúwadùnsìn bá mi wádìí rẹ̀: àlejò ló ń wọ funfun. Fareedah, má mú àlejò. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó wọkọ̀ òfuurufú wákàtí mẹ́rin kó tó wá gbá ìbẹ́pẹ lójú àwọn onílé, kò ní borí lọ́pọ̀ ìgbà. Dúdú ni kí o máa mú. Má bi ẹnikẹ́ni léèrè, má wo orúkọ ẹgbẹ́.

Fi fèrè kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí kò ní hóró nínú. Má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Bàbá rẹ


Longsight
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra Iléyá. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó kọjá ni lẹ́tà yín tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Alàgbà Oyèníran, ará ìlú wa tó ń gbé ní Bolton, ló mú un bọ̀ láti ilé. Wọ́n fi í sáàárín ìwé Jóòbù, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n tó rí i, Àǹtí Ṣẹwà ti fi máàkì mọ́kànlá jù mí lọ. Ó ń mú tirẹ̀ nípa àdúrà, ó sì dàbí pé wọ́n ń dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń mú ṣòkòtò dúdú. Mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì. Bàbá George ní láti ọdún 1952 tí àwọn ti ń wo eré yìí, àwọn ò rí ẹni tó fi ìgboyà bẹ́ẹ̀ ya òpè. Máàkì mẹ́rin péré ló fi jù mí báyìí.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí ó ń fojú mi rí. Ìwé rota wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi mí sí ṣífù àárọ̀ ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tẹ̀ léra, ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì Stockport Road máa ń wá nígbà tó bá wù ú. Èmi náà ò káwọ́ lérí. Mama Roseline wà lọ́dọ̀ wa, akọrin ni wọ́n ní ìgbà èwe wọn. Mo rọra sọ fún wọn pé Nọ́ọ̀sì Adéṣẹwà fẹ́ràn orin ìsìn ju oúnjẹ lọ, ojú ló ń tì í láti béèrè. Bàbá, gbogbo ìgbà tó bá wọ yàrá wọn báyìí, ẹsẹ mẹ́fà. Kò lè jáde, nítorí wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá mi ní kíṣìnì. Ó ní, "Fareedah, how far? Daddy don send expo come?"

Mo ní, "Àǹtí Ṣẹwà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí ẹ máa tún ohùn yín ṣe."

"Ohùn tèmi? Ìwọ ni kí o lọ máa lá oyin. Ewúrẹ́ yẹn gan-an, ṣé akọ ni àbí abo?"

Toheeb ní, "Fún odidi fáínà? Kó má dín ní akọ."

"Toheeb, ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú, sister. Mo kàn ń wo ìgbẹ́jọ́ ni."

Ẹ gbọ́ ohun kan nípa eré náà tó yà mí lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù tó bá gba àárín òpó ńlá méjèèjì wọlé, máàkì mẹ́fà ni. Èyí tó bá tàsé, tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, wọ́n á ṣì fún wọn ní ọ̀kan. Èyí tó bá kan òpó ńlá, bó tilẹ̀ wọlé, ọ̀kan náà ni. Ọkùnrin kan dúró sídìí òpó, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ju àsíá lọ: méjì fún mẹ́fà, ẹyọ kan fún ọ̀kan. Bí kò bá dá a lójú, kámẹ́rà á bá a wò ó.

Fèrè yín wà lọ́dọ̀ Alàgbà. Mo ní kí wọ́n má fi í sínú Jóòbù.

Ọmọ yín,
Fareedah


Ìkirun
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 2024

Fareedah,

Fèrè dé. Ó ń dún dáadáa. Ìyá rẹ ní kí n má fọn ọ́n nínú ilé mọ́.

Mo ronú púpọ̀ nípa ọkùnrin alásíá tí o sọ. Ẹni tó rò pé kí ọmọ èèyàn tó tàsé gba máàkì kan, aláàánú ni. Ká ní a ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Ìkirun, ọ̀pọ̀ ìjà ni kò bá tí ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kò sí kámẹ́rà ní Ìkirun ní 1993. Kò tilẹ̀ sí àwọ̀n lára òpó. Wọ́n ti jí i. Ojú mi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ òpó, àwọn tó wà lẹ́yìn kóòṣì ní ó gba inú, ọ̀rọ̀ parí. Rẹfirí kì í yí ohùn padà.

Bí o bá borí, má jẹ́ kó kà á kíákíá. Ìròyìn rẹfirí, wọ́n máa ń rọra kà á ni. Kó dá orúkọ bàbá rẹ̀. Kó wá dá orúkọ tèmi, pẹ̀lú oyè. Àná ni Adéyẹmí tún gba iwájú ilé wa kọjá, ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wo òjò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn tó ti ń wo òjò.

Dúdú ni kí o máa mú.

Bàbá rẹ


Longsight
Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n ẹ̀san yín, ọjọ́ kìn-ín-ní ayọ̀ mi: ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá mi,

A borí.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, bí ìròyìn rẹfirí. Nígbà tí sáà náà ku eré kan ṣoṣo, èmi àti Àǹtí Ṣẹwà wà ní ọgbọọgba. Ẹgbẹ́ Òfú àti Ẹgbẹ́ Ọ̀nì ló bọ́ sí fáínà. Òfú ló wọ dúdú, mo mú Òfú. Òun mú Ọ̀nì, ó ní ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ kan tọ́ka sí i.

Àárọ̀ Sátidé ni, agogo márùn-ún ààbọ̀, nítorí ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwọn. Bàbá George ti wọ síkáàfù. Mama Roseline wà níbẹ̀. Toheeb tí kò ní ṣífù wá láti ilé rẹ̀. Títí dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, máàkì mẹ́ta ni Òfú fi ń léwájú. Ọmọkùnrin Ọ̀nì kan bá gba bọ́ọ̀lù mú, wọ́n dúró fún un kó gbá a láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Bó bá wọlé, mẹ́fà ni, orúkọ yín sì ti bàjẹ́.  Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà lọ, ó kan òpó, "kọ̀ǹ", ó bọ́ sínú.

Àǹtí Ṣẹwà fò sókè. "Ó wọlé! Mo fojú ara mi rí i! Ó wọlé!"

Bàbá, ohùn Bàbá Adéyẹmí gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin alásíá dúró. Wọ́n wo kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá ju àsíá, ẹyọ kan. Máàkì kan. Òfú fi méjì borí.

Mo fún un ní ọjọ́ kan kó fi ṣọ̀fọ̀. Lánàá, mo di fóònù mú sí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kíní, ó yára jù. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, ẹ rọra." Ẹ̀ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó dunni." Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó. Ohun tó sọ nìyí:

"Èmi Adéṣẹwà, ọmọ Adéyẹmí, mo ń sọ fún gbogbo ẹbí pé Bàbá Fareedah, tíṣà àgbà àti rẹfirí, kò ta bọ́ọ̀lù ọdún 1993. Wọn ò gba ewúrẹ́. Wọn ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n ní "ewúrẹ́". Àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló gbọ́ ọ. Bàbá Adéyẹmí kúrò lórí gúrúùpù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ìyá mi ní àwọn ti gbé ohùn náà sí yín létí. Wọ́n ní ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ dìde, ẹ lọ sẹ́yìnkùlé. Ṣé ayọ̀ ni? Ẹ kọ̀wé sí mi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń jí sí eré tí mi ò mọ̀ nítorí yín. Ó yẹ kí n rí gbólóhùn kan gbà.

Ọmọ yín tó gbẹ̀san,
Fareedah


Ìkirun
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024

Fareedah, Àbẹ̀kẹ́,

Mo gbọ́ ohùn náà. Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn sọ pátá, òótọ́ ni. Mi ò gba ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ìyá àgbà rẹ ni èyí tí wọ́n rí. Mi ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀fẹ́ ni mo fagi lé e.

Bọ́ọ̀lù yẹn wọlé, ọmọ mi. Kò kan òpó rárá. Ó gba àárín wọlé bí ẹni tó ń lọ sùn.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú fáínà ni wọ́n pín ogún bàbá wa. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fi epo pa kẹ̀kẹ́ bàbá wa, tí mò ń nu wáyà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ fún Adéyẹmí, wọ́n ní òun ni àbúrò, ilé-ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ sì jìnnà. Wọ́n gbé àga fún mi. Lọ́jọ́ fáínà, ó gun kẹ̀kẹ́ náà wá sí pápá. Nígbà tí góòlù wọlé, ó fò lé e lórí, ó ń yí pápá ká, ó ń lu aago rẹ̀. Mo gbọ́ aago yẹn. Fèrè ti wà lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Nítorí náà, ohùn tó gbà sílẹ̀ dúró. Kò sí irọ́ níbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́sàn-án. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ya lẹ́tà yìí bí o bá kà á tán, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí fojú kàn án.

Alàgbà Oyèníran ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun ló máa mú un wá fún ọ.

Bàbá rẹ


Longsight
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024

Bàbá,

Alàgbà Oyèníran ò gbàgbé lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n wá sí Stretford fúnra wọn pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Wọ́n bá èmi àti Àǹtí Ṣẹwà ní ẹnu ọ̀nà, a jọ ń jáde. Wọ́n wo àwa méjèèjì, wọ́n sì gbé lẹ́tà fún Àǹtí Ṣẹwà. Mo ní, "Bàbá, tèmi ni." Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé kan náà ni yín, ẹ̀gbọ́n ẹ sì dúró níbí. Mi ò lè gba orí àgbà kọjá fún àbúrò ní lẹ́tà ẹbí. Wọ́n á gbé e fún ẹ." Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Kò gbé e fún mi. Lọ́jọ́ kejì, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó kà á sí mi létí. Ó rọra kà á. Ibi tí aago kẹ̀kẹ́ wà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Àǹtí, wọn ò ṣáà tà á."

Ó ní, "Ohun tí màá sọ gan-an nìyẹn. Màá ní wọn ò tà á. Màá ní kẹ̀kẹ́ ni."

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Wọ́n ti fi Bàbá Adéyẹmí padà sórí rẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pè mí lórí fídíò. Orí kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n kàn lu aago.

Bàbá, ẹ ní kí n gbẹ̀san. Mo gbẹ̀san. Mo tìtorí ọ̀rọ̀ bàbá mi jẹ ẹ̀gbọ́n mi níyà, mo mú kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dunni. Òótọ́ ni òun ń sọ láti oṣù Kẹta, yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Ta ni kí n wá gbẹ̀san lára rẹ̀ báyìí? Mo ti ronú kan ẹnì kan, òun ló sì bí mi.

Mi ò ní kọ̀wé mọ́ títí ẹ ó fi fúnra yín padà sórí gúrúùpù, kí ẹ gbohùn yín sílẹ̀ fún Bàbá Adéyẹmí. Ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ dá orúkọ.

Fareedah


ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ AKỌ̀WÉ ẸBÍ
Ìkirun, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, ọdún 2024

A fi èyí sọ fún gbogbo ọmọ ẹbí nílé àti lókè òkun pé, lẹ́yìn ìpàdé pàjáwìrì tó wáyé lórí ọ̀rọ̀ góòlù ọdún 1993, ẹbí pàṣẹ pé kí akọ̀wé lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje náà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, kí a lè dá góòlù náà padà fún ẹni tó ni ín. A rí fáìlì náà. Lẹ́tà tó wà lókè pátápátá nínú rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti fagi lé gbogbo ìdíje náà ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú fáínà, nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn tíṣà àti bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Lẹ́tà náà ò dé Ìkirun nítorí pé ẹni tó yẹ kó mú un wá náà wà nínú ìyanṣẹ́lódì.

Nítorí náà, kò sí fáínà, kò sí góòlù, kò sí kóòṣì, kò sì sí rẹfirí. Bí Bàbá Fareedah àti Bàbá Adéṣẹwà bá ṣì fẹ́ máa bá ìjà wọn lọ, ẹbí ò dí wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n wá ìdí tuntun, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà méjì ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ọdún tó parí.

Mobọ́lájí, Akọ̀wé